Ọkọ̀ Pupa Tí Eirlys Lọ Yẹ̀ Wò

Ọkọ̀ ti òní ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà sì ni òpin. Bí Eirlys Probert ṣe bá Lowri ọmọ rẹ̀ àti Gethin ọkọ Lowri ṣe àdéhùn nìyẹn, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹran àgùntàn lọ́wọ́. Ọkọ̀ mẹ́ta ni yóò yẹ̀ wò. Bí kò bá rí gidi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò pa ẹnu dé, yóò sì gba ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí àǹtí Gethin fẹ́ tà fún un ní ẹ̀dínwó.

Kò sí àléébù kan lára ọkọ̀ aláwọ̀ eérú yẹn, ohun tó sì ń ba Eirlys lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó mọ́, ó dákẹ́, kì í jẹ epo. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹná mọ́ ọn níbi òkè, yóò kọ́kọ́ rò ó wò ná, yóò mí kanlẹ̀, kó tó gbéra bí ẹni tó ń lọ kí olókùú. Eirlys ti wà á lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Mo dúpẹ́, ó dára," ó wọlé lọ, ó sì sunkún díẹ̀ nínú kíṣìnì.

Ní Cwm Hesgin, àfonífojì tí Eirlys ń gbé, níbi tí ìdajì àwọn ará àdúgbò ti ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, iṣẹ́ èèyàn tàbí ìṣe rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Eirlys Ìwé ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, torí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ìkàwé ìjọba lọ sókè sódò àfonífojì náà, nínú òjò, nínú kùrukùru, tí ìwé yóò máa yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ níbi kọ́nà gbogbo. Oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Èyí tó ń wà fún ìgbádùn ara rẹ̀ yàtọ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún ló ti fẹ́ràn ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn ẹ̀yìn, irú èyí tí ìyá ọlọ́mọ fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, àmọ́ tí àwọn tó ṣe é wá lọ ki ẹ́ńjìnì alágbára bọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Akúrú tí kò kúrú lẹ́sẹ̀! Arìn-jẹ́jẹ́ láàárín ìgboro, a-di-ẹ̀fúùfù lórí òkè! Ó gba àpò ànàmọ́ mẹ́ta sẹ́yìn tán, ó tún fi àwọn ọkọ̀ gàgàrà sílẹ̀ níbi kọ́nà, wọ́n ń wo ìdí rẹ̀ bó ṣe ń lọ! Mẹ́rin irú rẹ̀ ni Eirlys ti lò láyé, gbogbo wọn ló sì ní kíláàṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kí jíà tó yí.

Ọ̀rọ̀ kíláàṣì ló wá dá a dúró. Ní ọdún tó kọjá ni dókítà yọ orúnkún òsì rẹ̀, tó fi tuntun sí i. Ọlọ́run ṣeun, ó ń rìn, ó sì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ní láti fà á dìde. Ṣùgbọ́n orúnkún tuntun náà kò fẹ́ kíláàṣì rárá. Nítorí náà, ọtòmátíìkì ni, kò sí ohun mìíràn. Ọtòmátíìkì tó tún lè sáré sì ṣòro-ó rí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀dọ́ ti fìyà jẹ kó tó dé ọjà.

Àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ wò, funfun ni. Táyà mẹ́rin, ilé iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Eirlys kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹni tí kò lè ra táyà tó bára mu fún irú ọkọ̀ yẹn, ó dájú pé kò pààrọ̀ òróró rẹ̀ lásìkò. Ìkejì, búlúù. Nígbà tó fa jíà rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú, ó dún gbàù bí ìgbà tí ìkòkò bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń tà á ní, "Bó ṣe máa ń kí èèyàn nìyẹn."

Eirlys dá a lóhùn pé, "Bá mi kí i padà. Sọ fún un pé ó dìgbóṣe."

Èyí tó kù, ní Pontllwyd ló wà. Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kejì ni òun àti Gethin gbéra, ìrì dídì bo gbogbo pápá bí iyọ̀. Gethin ló ń wakọ̀. Gethin Kóònù ni àdúgbò ń pe òun, torí òun ni ìjọba ìbílẹ̀ ń sanwó fún láti máa to kóònù sójú títì níbi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń sáré. Ìwé mẹ́ta ló tẹ̀ jáde sínú fáìlì ike, ohun mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó yẹ kí olùrà wò.

"Mọ́mì, nọ́ńbà kìíní: ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù nini ká tó sítáàtì ẹ̀. Ẹni tó bá ti mú un gbóná sílẹ̀, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, ó wà nínú ìwé."

"Gethin, mo ti ń fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ìyá ẹ tó lóyún ẹ."

"Bó bá gbóná ńkọ́?"

Eirlys wo ojú fèrèsé. "Bó bá gbóná, a ó yí padà, kí o pe àǹtí ẹ." Ó sì gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé, Baba, o mọ̀ pé mi ò tọrọ ọrọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń dùn-ún wà ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ìwọ tí o dá òkè tí o sì fi kọ́nà sí i lára.

Haydn Beddoe, ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà, ti dúró lẹ́nu géètì rẹ̀ kí wọ́n tó dé, baba arúgbó kan, kúkúrú, ó di kànìnkànìn mú lọ́wọ́. Haydn Kànìnkànìn ni gbogbo Pontllwyd ń pè é, nítorí ojoojúmọ́ ló ń fọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, pupa roro, ó ń dán débi tí èèyàn lè fi í wojú di gèlè. Ọkàn Eirlys fò sókè. Ó rìn lọ síwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó gbóná bí ìkòkò tíì.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Gethin ti rí ojú rẹ̀, ó sì ti ń wá bírò.

"Ọ̀gbẹ́ni Beddoe, ọkọ̀ yín gbóná."

"Gbóná dáadáa!" Inú baba náà dùn. "Láti aago méje àbọ̀ ni mo ti sítáàtì ẹ̀. Ìjókòó náà gbóná! Ẹ jókòó, ẹ ó rí i."

"Gethin, jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ máa lọ kẹ̀? Ẹ ò tíì wò ó! Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe."

Haydn ju kànìnkànìn sínú garawa, omi ta sí bàtà Gethin. "Ẹ gbọ́ mi, ìyáàfin. Mo ti lo ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin láyé, kò sẹ́ni tó pè mí ní oníjìbìtì rí, àfi ìyá ìyàwó mi, òun náà sì tọrọ àforíjì kó tó kú. Ọmọ yín obìnrin ló pè mí lánàá! Ó ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, pé òtútù ń dà á láàmú, pé kí n jọ̀ọ́ bá a mú ọkọ̀ gbóná sílẹ̀ dè é. Ohùn ẹ̀ dùn bí oyin. Ṣé kí n wá sọ pé mi ò ṣe ni?"

Eirlys yọ fóònù, ó pe Lowri, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Mọ́mì!" ni Lowri kígbe. "Ṣé ìjókòó gbóná?"

"Lowri, ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ṣé mi ò gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyá mi ni? Kí ló dé? Gethin, kí ló dé?"

Gethin wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Inúure ni Lowri ní, ó sì ti fi inúure ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀ràn jẹ́ pátápátá, torí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í jẹ́wọ́. Èéfín búlúù, ariwo ṣéènì, kíkọ̀ láti gbéra, ìgbà tí ara rẹ̀ bá tutù ni gbogbo ìwọ̀nyí ń jáde. Àdéhùn ni pé bó bá gbóná wọn yóò yí padà. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí baba yìí jìyà nítorí pé ó ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe.

Eirlys dojú kọ Haydn. "Ẹ dáríjì mí, sà. Ẹnu mi yá jù. Nínú òtútù yìí, ìgbà wo ni ẹ́ńjìnì á tutù tán?"

"Tí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀? Bí aago méjì ọ̀sán."

"Mọ́mì, aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ lù!"

"O ní ohun ọgbọ̀n míì nínú ìwé ẹ tó o fẹ́ wò. Bẹ̀rẹ̀."

Gethin bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìrì dídì, ó fi iná fóònù wo abẹ́ ọkọ̀, bóyá òróró ń jò. Kò sí. Eirlys fọwọ́ ra táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá etí inú lọ́hùn-ún tí ojú kì í tètè rí, níbi tí táyà ti máa ń jẹ tán bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti wọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì jẹ dọ́gba. Ó wo rìmù bóyá wọ́n ti fi gbá etí títì; ẹyọ kan ní ojú ọgbẹ́ kékeré, Haydn sì ti sọ ọ́ kí wọ́n tó rí i. "Ọjọ́ ìsìnkú àbúrò mi ni. Omijé ló bò mí lójú." Wọ́n wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún lórí fóònù: máìlì rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún, kò fò, kò padà sẹ́yìn. Eirlys bi Haydn bóyá ẹnikẹ́ni ti fi kọ̀ǹpútà kún agbára ẹ́ńjìnì.

"Kí n tún kún un?" ni Haydn wí. "Bó ṣe wà yìí gan-an, pásítọ̀ wa ò gbà kí n gbé òun mọ́."

Ohun kan ló ṣẹ́ kù tó ń jẹ Eirlys lọ́kàn: òróró jíàbọ́ọ̀sì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnì. Irú jíà ọtòmátíìkì yìí ní òróró tirẹ̀ lọ́tọ̀, ní bíi ogójì ẹgbẹ̀rún máìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Òǹtẹ̀ inú ìwé àtúnṣe kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Máìlì ọkọ̀ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún.

"Wọ́n ṣe é," ni Haydn wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Rìsíìtì wà nínú agolo bisikíìtì."

"Ẹ jẹ́ ká rí i."

Baba náà gbé agolo wá sórí tábìlì kíṣìnì, àmọ́ kò ṣí i. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdérí rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ó wá a. Ojú mi ti lọ. Mo rí ẹ̀gbẹ́, mo rí ẹ̀gbẹ́, mi ò rí àárín mọ́. Oṣù kọkànlá ni mo dá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi padà. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ bó bá ti mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn èèyàn rò pé ẹwà ẹ̀ ni mò ń fọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Eirlys Ìwé ṣe jókòó sídìí iná, tó ń ka rìsíìtì jáde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ka ìwé fún àwọn arúgbó nínú ọkọ̀ ìkàwé láyé ọjọ́sí. Haydn ń po ọbẹ̀ cawl lórí iná, ewébẹ̀ líìkì àti ẹran àgùntàn ń ta sánsán, bí ó sì ti ń gbọ́ rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ wáyà. Ìyẹn ọjọ́ tí mo fi gbé Mair ìyàwó mi lọ sí etíkun. Ìyẹn bátìrì. Gethin jẹ abọ́ méjì, ó ń fàmì sí ìwé rẹ̀ láàárín ṣíbí kan sí èkejì. Nísàlẹ̀ agolo pátápátá ni wọ́n ti bá rìsíìtì méjèèjì, wọ́n lẹ̀ mọ́ra: òróró jíàbọ́ọ̀sì ní máìlì ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì, òróró jíàbọ́ọ̀sì ní máìlì ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

"Mo sọ fún yín," ni Haydn wí, ó sì bu ọbẹ̀ sí i fún wọn.

Nígbà tí aago méjì lù, Eirlys gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì. Ó tutù bí òkúta odò. Ó ti gba ìwé ìbánigbófò ọjọ́ kan lórí fóònù, ó jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì. Gethin dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà, ó ń fimú wá èéfín. Ẹ́ńjìnì jí lẹ́ẹ̀kan, ó hó díẹ̀, ó sì rọlẹ̀ sí ohùn kan tó nípọn, tó ń lọ déédéé. Èéfín funfun díẹ̀ jáde, ó parẹ́. Kò sí búlúù. Kò sí ariwo ṣéènì.

"Kò burú," ni Gethin wí, bí ẹni tí wọ́n fi tipá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Haydn kó sẹ́yìn, eékún rẹ̀ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgbọ̀n. Gethin jókòó síwájú. Wọ́n jáde. Níbi oríta àkọ́kọ́, bí Eirlys ṣe fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rántí iṣẹ́ ogójì ọdún, ó gbéra fúnra rẹ̀ láti lọ tẹ kíláàṣì. Kò sí kíláàṣì níbẹ̀. Bíréèkì ló bá. Ọkọ̀ dúró gbì, fáìlì Gethin fò lọ lu gíláàsì.

"Orúnkún ńkọ́?" ni Haydn bi í láti ẹ̀yìn.

"Ara rẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ."

"Ẹ ká a sábẹ́ ìjókòó. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́."

Wọ́n kọjú sí òkè Bwlch. Ojú ọ̀nà ń yí lọ sókè bí okùn tí wọ́n jù sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń gùn ún pẹ̀lú ìrọ̀rùn, jíà ń yí láìsí ẹni tó mọ ìgbà tó yí. Eirlys ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n yọ sí kọ́nà kẹta, tí wọ́n bá agbo àgùntàn tó gba gbogbo títì. Ọgọ́ta ó kéré tán, wọ́n ń gòkè lọ níwájú wọn, wọn kò kánjú. Obìnrin kan lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀ wọ́n.

"Ó mà ṣe o," ni Gethin wí. "A ò ní lè sáré láti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Yíyẹ̀ ẹ́ wò gan-an nìyí," ni Eirlys wí. Ó mọ̀ pé irú jíà yìí kì í ṣàìsàn nígbà tó bá ń sáré. Níbi ìrákòrò lórí òkè ni àìsàn rẹ̀ ti ń hàn.

Ó rá díẹ̀, ó dúró, ó rá díẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹná fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn, bó ṣe máa ń di ọkọ̀ ìkàwé mú lórí òkè yìí kan náà. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n láti abẹ́ ìjókòó, rìrìrì, bí aláìsàn ibà. Ó rá, ó tún gbọ̀n. Ohun kan ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí aṣọ bá fẹ́ jóná.

Gethin rọra ṣí bírò rẹ̀.

Ọkàn Eirlys já lulẹ̀. Gbogbo wákàtí yẹn, gbogbo ọbẹ̀ yẹn, gbogbo rìsíìtì yẹn! Ó rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú níwájú ilé rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Baba, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ. Ṣùgbọ́n kò lè fi gbogbo ọkàn sọ ọ́.

Haydn gbé orí síwájú láàárín ìjókòó méjèèjì. "Kí lẹ fi ń dì í mú?"

"Kí la fi ń di ọkọ̀ mú lórí òkè? Iná ni mo tẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò! Ẹ ń jẹ ẹ́ níyà!"

"Ẹ gbọ́, sà, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wakọ̀ lórí òkè yìí…"

"Pẹ̀lú kíláàṣì! Èmi náà bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi mú un gbọ̀n báyìí kí ẹlẹ́rọ kan tó bú mi bí ẹni ń bú ọmọdé. Kíláàṣì wà nínú ẹ̀ o, méjì ni, ọkọ̀ ló ń tẹ̀ wọ́n fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹná díẹ̀díẹ̀ kí ẹ fi dì í mú, kò mọ̀ bóyá kó dì wọ́n mọ́ra tàbí kó tú wọn. Wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á máa gbóná. Ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí àgùntàn lọ díẹ̀. Tí àyè bá ti wà, ẹ fi ọkàn kan lọ."

Ojú Eirlys gbóná. Kì í ṣe ohun tó rọrùn kí èèyàn gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lórí òkè tó mọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àgùntàn lọ síwájú. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó tẹná láìṣiyèméjì. Ọkọ̀ gbéra bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

"Ẹ tún un ṣe," ni Gethin wí.

Ó tún un ṣe. Kò gbọ̀n.

"Ẹ tún un ṣe, Mọ́mì, àwọn àgùntàn ṣì wà."

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ṣe é kí obìnrin alùpùpù tó ṣí géètì pápá, tí agbo àgùntàn fi títì sílẹ̀. Kò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Òórùn náà ti lọ. Gethin fúnra rẹ̀ ló ní kó tẹ̀ ẹ́ bíi ti àkọ́kọ́ kí àwọn lè mọ̀ dájú. Ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ gbọ̀n. Ó fi í sílẹ̀, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró.

"Ẹsẹ̀ mi ni," ni Eirlys wí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Gethin, ẹsẹ̀ mi ni! Ara ọkọ̀ le!"

Títì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mọ́, ó gbẹ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tẹná mọ́ ọn.

Ohun tí ọkọ̀ náà sọ nígbà yẹn, kò ṣeé kọ sílẹ̀. Haydn kígbe bí ọmọdé lórí ẹṣin. Gethin di ilẹ̀kùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, ó fo ẹsẹ bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ torí kọ́nà ò jẹ́ kó ráyè. Kí ó tó dé àmín, wọ́n ti wà lórí òkè, níbi tí ọkọ̀ tó ń ta yìnyín dídùn, áísìkiriìmù, máa ń dúró sí nínú òtútù àti nínú ooru.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gethin tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọgbọ̀n ló yege," ló wí. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló kùnà."

"Èwo?" Haydn ti múra ìjà.

"Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n: kí olùrà má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tà mọ̀ pé inú òun dùn, kí ó má baà fowó lé e."

Àwọn méjèèjì kọjú sí Eirlys. Ó dì mọ́ òpó dígí ọkọ̀ bí ẹni dì mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ kò lè pa dé.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni Haydn wí. "Mi ò rí ojú ẹ̀. Etí mi nìkan ló gbọ́ ọ. Owó tí mo pè lánàá náà ni owó tòní."

"Mo rà á," ni Eirlys wí. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì béèrè irú áísìkiriìmù tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Gethin ti rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ bo etí nítorí atẹ́gùn, ó ń pariwo sínú fóònù. "Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán o. Nípa ọkọ̀ yín yẹn, ẹ máa wá ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, rárá, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Àǹtí, ṣé ẹ ti jókòó rí nínú ọkọ̀ tó…" Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé Eirlys ń gbọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.